Stokesay: ṣé castle ni àbí ilé àgbẹ̀?

Àbúrò wa kan tó ń gbé ní Wolverhampton ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo ní kí n kúkú dá a lóhùn ní gbangba torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sátidé tó lọ, èmi àtàwọn ọmọ gba títì A49 lọ sápá Ludlow, la bá rí bọ́ọ̀dù Stokesay Castle lẹ́bàá Craven Arms, la bá yà. Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé wọ́n máa rí odi ńlá, wọ́n máa rí ibi tí wọ́n ti ń ta ọfà. Ká débẹ̀, ilé la bá. Fèrèsé ẹ̀ tóbi ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ilé onígi kan tó ní àwọ̀ yẹ́lò wà lẹ́nu ọ̀nà bíi ti inú ìwé àlọ́, odi tí mò ń wá ò wá sí níbẹ̀. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa tún ń sọ pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn àgbẹ̀ fi kó ọkà sínú gbọ̀ngàn yẹn, pé alágbẹ̀dẹ rọ irin nínú gogoro ẹ̀. Ó dùn mí. Báwo ni ilé olówó bẹ́ẹ̀ ṣe di ilé àgbẹ̀? Ta ló jẹ́ kó bàjẹ́ tó yẹn? Ṣé castle ni ṣá? Àbígbẹ̀yìn mi náà ní kí n bá òun béèrè ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí."

Àbúrò mi, ẹ kú ìrìn o, ìwọ àtàwọn ọmọ. Ojú ẹ ò tàn ẹ́ jẹ rárá, ilé lo rí. Orúkọ castle yẹn ló ń da èèyàn lọ́kàn rú, téèyàn bá ti gbọ́ ọ báyìí ogun ló máa wá sí i lọ́kàn. Ohun tí Stokesay jẹ́ ni manor house tí wọ́n mọ odi yí ká, èmi á kúkú pè é ní ilé baba onílẹ̀ kó lè yé gbogbo wa. Láyé ìgbà yẹn ọba ló ni ilẹ̀, ọba á gé e fáwọn ìjòyè ńlá, àwọn yẹn náà á gé e fáwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ni abúlé kan tàbí méjì pẹ̀lú oko, igbó, ilé ìlọkà, àtàwọn èèyàn tó ń dáko níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yẹn á máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, ẹlòmíì ò ní owó, iṣẹ́ ara ló máa fi san án, ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ á lọ tulẹ̀ nínú oko baba onílẹ̀ kó tó dé orí tiẹ̀. Ilé tí baba onílẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìṣákọ́lẹ̀ wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́ ẹran ta ló jẹ oko ta, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ̀ tí wọ́n ti ń mu. Ọ́fíìsì oko ni, ká má pa á láwọ̀ dà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó o ní ó dùn ẹ́ pé ó di ilé àgbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú. Ilé oko ni látilẹ̀. Kódà orúkọ ẹ̀ ń pariwo ẹ̀: Stoke nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, abà ni, oko ẹ̀yìn ìlú, Say sì ni orúkọ ìdílé de Say tó ni ibẹ̀ ní sẹ́ńtúrì 12. Abà de Say. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ló wà, ó máa wà lórí máàpù bẹ́ẹ̀.

Àwọn de Say kúrò níbẹ̀ láàárín sẹ́ńtúrì 13, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé de Verdun, lọ́dún 1281 ọkùnrin kan gbà á lọ́wọ́ wọn tó jẹ́ pé òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Orúkọ ẹ̀ ni Lawrence ará Ludlow. Kì í ṣe jagunjagun, kì í ṣe ọmọ ìjòyè. Oníṣòwò irun àgùntàn ni, bàbá ẹ̀ tó ń jẹ́ Nicholas náà sì ṣe é. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tí irun àgùntàn jẹ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, rántí kòkó lápá ọ̀dọ̀ wa láyé àwọn bàbá wa, bí owó kòkó ṣe rán ọmọ nílé ìwé tó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó sì sọ ẹni tí ò nílé lánàá di bọ̀rọ̀kìnní. Àwọn ahunṣọ Flanders, ibi tó di ara Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, irun àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń hun aṣọ olówó ńlá, àwọn oníṣòwò Ítálì náà ń wá kó o, èyí tó sì ti apá Shropshire àti Herefordshire wá, létí ààlà Wales níbi tẹ́ ẹ lọ yẹn, wà lára èyí tó wọ́n jù lọ́jà. Lawrence ń rà, ó ń kó o sọdá òkun, owó tó ń rí níbẹ̀ ló ń yá àwọn ìjòyè, ó yá ọba pàápàá. Nígbà tó fi máa kọ́ ilé yẹn, ó ti wà lára àwọn oníṣòwò tó lówó jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wo ọdún yẹn dáadáa, 1281. Ààlà Wales ni Stokesay wà, ogun ò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún igba ọdún. Lọ́dún 1282 ni wọ́n pa Llywelyn, ọmọ ọba Wales tó ń bá ọba Edward Kìíní jà, ọdún kejì ẹ̀ wọ́n mú àbúrò ẹ̀ Dafydd wọ́n pa á, ogun Wales parí síbẹ̀. Ọdún díẹ̀ sí i, Lawrence bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká ní ọdún 1260 ni, kò sí bírísíkílà tó máa gbà láti já fèrèsé tó tóbi tó yẹn sára ògiri ilé kan létí Wales. Fèrèsé tó o rí tó o ní ó tóbi ju ti ṣọ́ọ̀ṣì yín, òun gan-an ni ẹ̀rí pé ẹni tó kọ́ ọ gbà pé ogun ti lọ. Kódà tó o bá yí sẹ́yìn gbọ̀ngàn lápá ìta, apá ibi tó yẹ kó le bí òkúta, fèrèsé ńlá ló wà níbẹ̀ náà. Ọ̀tá tó bá ní àkàbà lásán ti wọlé.

Wàá wá ní kí wá ni ti odi, kí ni ti gogoro, kí ni ti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká? Ó dáa. Lọ́dún 1291 Lawrence gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba pé òun fẹ́ fi eyín sórí ògiri ilé òun. Eyín yẹn ni ògiri tó ń lọ sókè sódò bí ayùn lórí gogoro, tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún àwọn tó ń ta ọfà kí wọ́n rí ibi sá pamọ́ sí. O ò kàn lè fi eyín sórí ògiri ẹ bó ṣe wù ẹ́, ọba gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn kan rò pé torí ọba ń bẹ̀rù pé wọ́n á ṣọ̀tẹ̀ ni, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gba ìwé yẹn, o ò lè rí wọn kí o rò pé wọ́n lè bá ọba jà. Oyè ni. Ẹni tó bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọba mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ṣé o rántí àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn olówó kòkó yẹn, tí wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún méjì sẹ́nu géètì? Kìnnìún yẹn ò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọjá níwájú ẹ̀ tí ò mọ̀ pé ilé èèyàn kan nìyẹn.

Mi ò sọ pé fáàrí ni gbogbo ẹ̀ o. Gogoro tó wà lápá gúúsù yẹn, tó ga tó nǹkan bí 20 mítà, ògiri ẹ̀ nípọn dáadáa, owó sì wà nílé ẹni tó ń kó irun àgùntàn wọ ọkọ̀, olè ààlà ò sì tán lọ́jọ́ tí ogun parí. Tí ọgbọ̀n olè bá dé lóru, inú gogoro yẹn máa gbà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá wá jẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ní ẹ̀rọ tó ń ju òkúta ni, kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan. Wo bí wọ́n ṣe gé ara gogoro yẹn tó ní igun-igun, ó jọ àwọn castle gidi tí ọba Edward ń kọ́ sí àríwá Wales lásìkò yẹn gan-an. Bí mo ṣe rò ó, Lawrence ń ya ọba lò ni, bí èèyàn ṣe ń rán aṣọ tí gómìnà wọ̀.

Kò jẹ ilé yẹn pẹ́. Lọ́dún 1294 ọba fẹ́ bá Faransé jagun, owó sì tán lápò ẹ̀. Àwọn oníṣòwò irun àgùntàn, tí Lawrence wà níwájú wọn, bá ọba dúnàádúrà, wọ́n gbà kí owó bodè lórí àpò irun kan kúrò ní ṣílè 6 àti pẹ́ńsì 8 kó di ṣílè 40. Ìlọ́po mẹ́fà! Ṣé àwọn oníṣòwò ló wá san án? Rárá o, wọ́n yọ ọ́ lára owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀, ẹni tó ń da àgùntàn ló jẹ gbèsè yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Lawrence wọ ọkọ̀ tó kó irun àgùntàn lọ sápá Họ́láńdì, ọkọ̀ náà rì lójú òkun Suffolk lápá Aldeburgh, ó kú sómi. Àwọn mọ́ńkì Dunstable, tí àwọn náà ń ta irun àgùntàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn wọn pé ẹni tó ṣẹ àwọn onírun àgùntàn, inú ọkọ̀ tó kún fún irun àgùntàn náà ló kú sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àánú nínú rárá, ṣùgbọ́n èèyàn mọ bó ṣe ń dùn wọ́n tó.

Ilé yẹn wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ fún igba ọdún àti díẹ̀, wọ́n sọ ara wọn di gbajúmọ̀ ìgbèríko, kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí i tó yẹ kí n fi gbà ẹ́ lákòókò. Lọ́dún 1498 ó bọ́ sí ìdílé Vernon torí ọmọbìnrin, 1598 wọ́n tà á fún Mainwaring, 1620 opó kan rà á, Elizabeth Craven, tí ọkọ ẹ̀ ti jẹ mẹ́yọ̀ London. Olówó ni mọ̀mọ́ yẹn o, ó ra ilẹ̀ kiri bí ẹní ra ata. Ìdílé Craven ló kọ́ ilé onígi yẹ́lò tó o rí lẹ́nu ọ̀nà ní 1640 sí 1641, ó ná wọn ní £533. Lọ́jọ́ míì tẹ́ ẹ bá padà lọ, jẹ́ káwọn ọmọ wo igi tó wà lára ẹ̀ dáadáa, wọ́n gbẹ́ Ádámù àti Éfà síbẹ̀, ejò náà wà ńbẹ̀. Ilé oníbodè tí wọ́n fi Éfà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ṣé ìyẹn fẹ́ dá ogun dúró? Ogun sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn ò mọ̀ ni.

Ọdún 1642 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọba àti ilé aṣòfin. Tọba ni ìdílé Craven ń ṣe, wọ́n kó ọmọ ogun díẹ̀ sí Stokesay. Lóṣù kẹfà 1645 àwọn ọmọ ogun ilé aṣòfin dé, wọ́n ní kí àwọn tó wà nínú ilé jáde, olórí wọn kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n tún ní kó jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó jáde. Ó tán. Gbogbo ìjà tí ilé olódi yẹn jà láyé ẹ̀ nìyẹn, 350 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an fara gbá jù ú lọ, ó bàjẹ́ débi pé wọ́n tún un kọ́ ní 1654. Lọ́dún 1647 ilé aṣòfin wá pàṣẹ pé kí wọ́n wó o kó má bàa di ibùba ogun mọ́. Àwọn castle kan lásìkò yẹn, ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n fi fọ́ wọn yángá, tó jẹ́ àwókù ló kù títí dòní. Ti Stokesay, odi tó yí àgbàlá ká nìkan ni wọ́n wó, èyí tó ga tó mítà 10 láti ìsàlẹ̀ yàrà. Odi tó ò ń wá tó ò rí, òun nìyẹn. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ torí pé wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ilé ni, bí ìwọ náà ṣe rí i.

Ó wá kan ibi tó dùn ẹ́. Àwọn Craven ò gbébẹ̀. Wọ́n ní ilé ńlá ní Combe Abbey lápá Coventry, wọ́n ní òmíràn káàkiri, Stokesay lójú wọn jẹ́ orúkọ kan nínú ìwé ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n háyà ẹ̀ fún ìdílé Baldwyn, àwọn yẹn gbébẹ̀ dáadáa títí sẹ́ńtúrì 17 fi ń parí lọ, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀. Lẹ́yìn wọn, àgbẹ̀ tẹ̀lé àgbẹ̀. Ìwọ náà dúró kí o rò ó bí àgbẹ̀: o gba ilẹ̀ háyà, o ní màlúù, o ní àgùntàn, o ní àlìkámà tó o fẹ́ kó wọlé kí òjò tó dé, yàrá kan wá wà níwájú ẹ tó gùn ní mítà 16 ó lé, tó fẹ̀ ní mítà 9 ó lé, tí ò ní òpó kankan láàárín, tí òrùlé ẹ̀ ga lọ sókè, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tóbi. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Wàá fi jẹ oúnjẹ alẹ́? Àká ni! Ọkà wọ gbọ̀ngàn Lawrence. Àwọn tó ń kan àgbá onígi rí àyè ìsàlẹ̀, wọ́n gbé ayùn àti irin wọn síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ rí gogoro olókùúta, ó ní ibi yìí ò lè jóná, ó tẹ́ ẹwìrì ẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ṣìnà ṣá, torí òkúta ò jóná lóòótọ́ ṣùgbọ́n pákó òkè gogoro jóná, 1830 ni iná yẹn ṣẹlẹ̀, gbogbo pẹpẹ inú gogoro gúúsù ló lọ.

Ṣé wọ́n bà á jẹ́? Wọ́n bà á jẹ́, mi ò ní purọ́. Lọ́dún 1813 òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ John Britton, tó máa ń kọ̀wé nípa ilé àtijọ́, débẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti pa á tì, pé ó ń lọ sí àwókù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí títún ilé àtijọ́ ṣe jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ mi, ni pé ọwọ́ àgbẹ̀ sàn fún ilé ju ọwọ́ olówó lọ. Tí Craven bá fẹ́ràn ibẹ̀ tó ń gbébẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ohun tí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ilé baba ńlá wọn láàárín 1700 sí 1800, ó máa ṣe é: á ní gbọ̀ngàn yìí tutù, á ya á sí méjì lókè nísàlẹ̀, á ní fèrèsé yìí ti di ti àwọn ará ijọ́un, á yọ ọ́, á kan èyí tó ń lọ sókè tó ń lọ sísàlẹ̀ síbẹ̀, á rẹ́ ògiri, á gbé òpó funfun mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà bíi ti Róòmù. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí mo fi òòlù kékeré kan ògiri tó ń dán, tí mo gbúròó pé ihò wà lẹ́yìn ẹ̀, ká tú u wò, fèrèsé sẹ́ńtúrì 14 ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè rí ibi fi súmẹ́ǹtì lé. Àgbẹ̀ ayálégbé ò ní owó ìranù yẹn, kò sì ní àṣẹ ẹ̀. Tí òrùlé bá ń jò, á fi nǹkan dí i torí ọkà ẹ̀. Òrùlé tí ò jò ni ilé nílò jù láyé, ọkà ló jẹ́ kó rí i.

Lọ wo àtẹ̀gùn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo ti jókòó sórí ẹ̀ rí lọ́jọ́ tí èrò ò sí. Kì í ṣe pákó, ìtì igi óòkù tó ki pọ́pọ́ ni wọ́n fi ṣe ìgbésẹ̀ ẹ̀, ó ti wọ́ láàárín níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, etí ẹ̀ ṣì le, tó o bá sì tẹ̀ síwájú wàá rí àmì tí àwọn káfíńtà fi ọ̀bẹ fà sára igi kí wọ́n lè mọ èwo ló ń lọ síbo. Àwọn onímọ̀ ti ka òrùka inú igi ilé yẹn, ọjọ́ orí ẹ̀ bọ́ sí ìgbà ayé Lawrence fúnra ẹ̀. Àtẹ̀gùn igi tí wọ́n ti ń gùn láti sẹ́ńtúrì 13! Láàárín ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, àdògán olókùúta onígun mẹ́jọ wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni iná ń jó, èéfín á bá òrùlé lọ torí kò sí ṣímínì, àwọn igi òkè dúdú. Wo ìsàlẹ̀ àwọn igi ńlá mẹ́ta tó tẹ̀ bí ọrun gbé òrùlé, òkúta tó gbé ẹsẹ̀ wọn dúró báyìí, sẹ́ńtúrì 19 ni wọ́n fi síbẹ̀, láyé àtijọ́ igi yẹn ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè ní yàrá baba onílẹ̀, ihò fèrèsé kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, tó o bá yọjú níbẹ̀ wàá máa rí gbogbo ohun tó ń lọ nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń jalè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ baálé lẹ́yìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé yẹn jẹ ìyà.

Ẹni tó pariwo pé kí wọ́n gba ilé yìí là, obìnrin ni, Frances Stackhouse Acton, ọmọ bíbí àgbègbè yẹn, ó máa ń ya ilé àtijọ́ bí àwòrán. Lọ́dún 1853 ló dojú kọ onílẹ̀, Craven wá na £103 sí i. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó dá a dúró. Ní 1869 ìdílé Craven ta ilẹ̀ ibẹ̀ látòkèdélẹ̀, 5,200 éékà, £215,000, fún John Derby Allcroft. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe? Ìbọ̀wọ́ ló ń rán tà, iléeṣẹ́ ńlá. Irun àgùntàn ló kọ́ Stokesay, ìbọ̀wọ́ ló tún un ṣe, mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn ẹ̀ jù. Ohun tí mo sì fi gbóríyìn fún Allcroft ni pé kò ṣe àṣejù. Lásìkò yẹn àwọn kan ń tún ilé àtijọ́ ṣe débi pé ilé á tuntun ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ lọ, òun ní kí wọ́n kàn dá a dúró, kí òjò má wọ̀ ọ́, ó lọ kọ́ ilé ńlá tiẹ̀ sítòsí ibẹ̀, Stokesay Court. Àwọn àlejò ti ń wá wo ibẹ̀ láti ìgbà yẹn. Lọ́dún 1986 ìdílé ẹ̀ fi í sábẹ́ ìtọ́jú English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹni tó ni ín kú ní 1992 ó wá di tiwọn pátápátá.

Kì í ṣe Stokesay nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí o. Tó o bá dé Yorkshire lọ́jọ́ kan, béèrè Markenfield Hall nítòsí Ripon. Ìyẹn gba ìwé eyín ògiri tiẹ̀ ní 1310, ẹni tó gbà á jẹ́ akápò ọba, yàrà ẹ̀ ṣì ní omi títí di báyìí. Ti wọn ò jọ ti Stokesay torí ọ̀tẹ̀ ló bà á jẹ́: lọ́dún 1569 Thomas Markenfield bá àwọn ìjòyè àríwá dìde sí ọbabìnrin Elizabeth Kìíní nítorí ẹ̀sìn Kátólíìkì, àgbàlá ilé yẹn ni wọ́n ti kóra jọ, wọ́n ṣubú, ó sá sọdá òkun, ó kú sínú òṣì. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ìdílé ẹ̀, ẹni tí wọ́n fún ò gbébẹ̀, ó di ilé àgbẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún kí Fletcher Norton, láti ìdílé Norton tó bá wọn dìtẹ̀ lọ́jọ́sí, tó rà á ní 1761. Òun náà ò sì gbébẹ̀, àgbẹ̀ náà ló ń gbé e lọ! Àtẹ̀gùn ìta tí wọ́n ń gbà wọ gbọ̀ngàn wọn ti lọ, ṣùgbọ́n àpá òrùlé tó bò ó ṣì wà lára ògiri, tó o bá mọ ohun tó ò ń wò. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí: onílẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, àgbẹ̀ wà nílé, kò sẹ́ni tó lówó tí wọ́n máa fi bà á jẹ́.

Torí náà, ta ló jẹ́ kó bàjẹ́, tó o bi mí? Craven ni, tó ń gba owó ilé tí ò tún ilé ṣe, irú àwọn lándíláàdì bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ ní Wolverhampton níbẹ̀ yẹn, o mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Má fi ọ̀rọ̀ kan àgbẹ̀.

Ti àbígbẹ̀yìn ẹ, ìbéèrè tó dáa nìyẹn, sọ fún un pé mo kí i. Inú ògiri gogoro ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Ògiri yẹn nípọn débi pé wọ́n ya yàrá kékeré sínú ẹ̀ tó gba ẹnì kan, wọ́n gbé ìjókòó sórí ihò, ihò yẹn sì ń lọ tààrà sísàlẹ̀ sínú yàrà. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ní kó wọ inú gogoro gúúsù kó máa wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, á rí i fúnra ẹ̀, kó má ṣá jókòó síbẹ̀.